Ẹ̀rọ Tí Kò Fẹ́ Jọ̀wọ́ Sítíárìn

Òórùn ìgbẹ́ adìyẹ ló kọ́kọ́ ń wá sí mi lọ́kàn bí mo bá rántí ọdún mẹ́ta tí mo fi ṣiṣẹ́ àtúnṣe bàálù ní pápákọ̀ òfurufú Alákìà, n'Ìbàdàn. Àwọn tó bá gbọ́ iṣẹ́ tí mo ṣe nígbà náà a máa rò pé òórùn epo ni, tàbí ariwo ẹ́ńjìnnì. Kì í ṣe bẹ́ẹ̀. Ìgbẹ́ ọmọ adìyẹ ni, èyí tó ti gbẹ, tó tún rin, tó tún gbẹ, tó sì wọ inú aṣọ iṣẹ́ mi débi pé ìyá mi kò jẹ́ kí n wọ̀ ọ́ wọlé mọ́ nílé wa ní Erúnmu. Ẹ̀yìnkùlé ni mo ti ń bọ́ ọ.

Ìbẹ̀rẹ̀ àwọn ọdún 1990 ni. Mo ṣẹ̀ṣẹ̀ dé láti ilé ẹ̀kọ́ tí wọ́n ti kọ́ mi níṣẹ́ wáyà àti ẹ̀rọ inú bàálù lókè Ọya. Obìnrin méjì péré ni wá ní kíláàsì wa, nígbà tá a sì jáde, kò sẹ́ni tó fẹ́ gbà wá síṣẹ́. Ẹni tó gbà mí kì í tilẹ̀ ṣe oníbàálù gidi. Aládìyẹ ni. Ó ní oko ńlá kan lọ́nà Lágelú níbi tí ẹ̀rọ ti ń pa ẹyin, ó sì ń ta ọmọ adìyẹ tí kò tíì lo ọjọ́ méjì láyé fún àwọn olóko lókè Ọya. Ooru máa ń pa àwọn ọmọ adìyẹ náà sínú mọ́tò kí wọ́n tó débẹ̀. Ó wá ra bàálù kékeré kan, ẹlẹ́ńjìnnì kan, oníjókòó mẹ́fà. Ó yọ ìjókòó mẹ́rin tó wà lẹ́yìn, ó ń to páálí ọmọ adìyẹ síbẹ̀ títí dé òrùlé.

Àwa mẹ́ta là ń ṣiṣẹ́ nídìí bàálù yìí. Èkíní ni páílọ́ọ̀tì, bàbá àgbà kan tó ti wa bàálù ńlá rí kí wọ́n tó fẹ̀yìn tì. Mónìyà ni ilé wọn wà, wọ́n á wọ bọ́ọ̀sì la ìgboro Ìbàdàn kọjá kí wọ́n tó dé ọ̀dọ̀ wa, síbẹ̀ àwọn ló máa ń kọ́kọ́ dé. Èkejì ni ẹnjiníà tó jẹ́ ọ̀gá mi. Ìwé àṣẹ tó fi lè buwọ́ lu iṣẹ́ wà lọ́wọ́ rẹ̀, tèmi kò tíì jáde. Lójú rẹ̀, "ẹ̀yin" ni mo máa ń pè é, lẹ́yìn rẹ̀ mo máa ń sọ pé "wọ́n", nítorí ó fi ogún ọdún ó lé jù mí lọ. Ní báyìí tí mo ń kọ ọ́ sílẹ̀, ọwọ́ mi kọ̀ láti kọ "wọ́n" fún un. Ẹni tó bá rí i bí àìmọ̀wàáhù, kó fara balẹ̀ ka ìyókù.

Bàbá páílọ́ọ̀tì ló bẹ̀rẹ̀ ọ̀rọ̀ náà. Wọ́n sọ fún aládìyẹ pé ìrìn àjò yẹn ti ń gun jù fún apá àwọn nìkan, pé láti Ìbàdàn dé òkè lọ́hùn-ún, àwọn kò lè fi sítíárìn sílẹ̀ kí àwọn wo máàpù dáadáa, tàbí kí àwọn mu omi. Wọ́n ní ó yẹ kó ra ọ̀tọ́páílọ́ọ̀tì. Ẹ̀rọ tó máa ń bá awakọ̀ di sítíárìn mú lójú ọ̀run nìyẹn. Bí ènìyàn bá ti fi ọ̀nà tí òun ń lọ hàn án, á máa fà, á máa tì, kí bàálù má baà yà kúrò lójú ọ̀nà. Aládìyẹ gbà. Lẹ́yìn oṣù mélòó kan, ó gbé páálí kan wá, ó ní tòkunbọ̀ ni, pé ara bàálù kan tí wọ́n ti tú palẹ̀ lókè òkun ni wọ́n ti yọ ọ́.

Mo ṣí páálí náà. Àpótí kékeré kan wà níbẹ̀, tó ní bọ́tìnì àti ohun téèyàn ń fọwọ́ yí, tí wọ́n máa ń gbé síwájú awakọ̀. Mọ́tò kéékèèké méjì, ẹ̀rọ tí iná máa ń yí, tún wà níbẹ̀ tó jẹ́ pé àwọn gan-an ló ń fa okùn irin inú bàálù. Ìpẹtà aláwọ̀ ewé ti hù sí ẹnu ọ̀kan nínú wọn, iyọ̀ funfun sì wà lára rẹ̀ bí èyí tó máa ń kù sára ohun tí omi ti bò rí. Mo gbé e han ọ̀gá mi. Mo ní kó jẹ́ ká fi ránṣẹ́ síbi tí wọ́n ti lè tú u kí wọ́n sì dán an wò kó tó wọnú bàálù. Ó ní ohun tó ti ṣiṣẹ́ lọ́dọ̀ àwọn òyìnbó, ta ni èmi tí mo fẹ́ máa yẹ̀ ẹ́ wò. Ó rẹ́rìn-ín. Ẹ̀rín rẹ̀ kì í dún, eyín nìkan ló máa ń yọ.

Ọ̀kan nínú mọ́tò náà gbọ́dọ̀ wọ abẹ́ ilẹ̀ bàálù, lẹ́bàá okùn irin tó ń lọ sí apá rẹ̀ méjèèjì. Ọjọ́ tí mo ṣí páànù ilẹ̀ àkọ́kọ́, èébì gbé mi. Ìgbẹ́ adìyẹ, ìyẹ́ wẹ́wẹ́, eruku pákó inú páálí, omi tí wọ́n fi ń ṣan ilẹ̀, gbogbo rẹ̀ ti gba ojú ìdè sọ̀ kalẹ̀, ó ti di ẹrọ̀fọ̀ dúdú. Ìdin ń yí nínú rẹ̀. Òkú ọmọ adìyẹ mẹ́ta wà níbẹ̀, ọ̀kan ti wé mọ́ okùn irin, ó gbẹ mọ́ ọn bí aṣọ tó gbẹ mọ́ egbò. Okùn irin yìí sì ni Bàbá páílọ́ọ̀tì ń fà ní gbogbo ìgbà tí wọ́n bá fẹ́ yí bàálù sápá ọ̀tún tàbí òsì.

Mo pe ọ̀gá mi. Ó fi áńkáṣíìfù bo imú, ó wò ó, ó ní kí n wá àyè tí mọ́tò máa gbà, kí n sì dé páànù padà. Mo bi í bóyá a kò ní fọ ọ́. Ó ní òun kò gbà mí láti wá fọ ilé adìyẹ.

Mo fọ ọ́. Ọjọ́ méjì ni mo fi dọ̀bálẹ̀ sínú bàálù náà, tí mo ń fi ṣíbí ọbẹ̀ àtijọ́ gbọ́n ọn sínú korobá, tí mo ń fi búrọ́ọ̀ṣì àti ọṣẹ fọ páànù, tí mo ń fi aṣọ nu okùn irin ní ìwọ̀n ìka kan sí ìkejì, kí n lè rí i bóyá fọ́nrán rẹ̀ kankan ti já. Mélòó kan ti já. Àwa méjèèjì la pààrọ̀ okùn náà, ìyẹn ni pé èmi ni mo pààrọ̀ rẹ̀, ọ̀gá mi sì dúró. Nígbà tí mo bá jáde láti mí, màá bá a lórí àga lẹ́nu ilẹ̀kùn háńgà, ilé ńlá tí bàálù ń wọ̀ sí, tó ń jẹ mọ́ínmọ́ín pẹ̀lú ìka, tó ń lá ewé. Títí di òní, mi ò mọ èyí tó rí mi lára jù nínú ìdin yẹn àti ẹnu tó ń lá ewé.

Síbẹ̀, mi ò ní purọ́, mo gbádùn iṣẹ́ ìdè náà gan-an. Mo gbé mọ́tò kan sábẹ́ ilẹ̀, mo gbé èkejì sínú ìrù bàálù níbi tí ó jẹ́ pé ara tó kéré bíi tèmi nìkan ló lè wọ̀ ọ́. Mo fi okùn irin tín-ín-rín so wọ́n mọ́ okùn ńlá, mo fi ẹ̀rọ ìwọ̀n wo bó ṣe le tó, kó má le jù, kó má dẹ̀. Mo to wáyà ní ìdì-ìdì, mo dì wọ́n débi pé ẹni tó bá ṣí páànù yẹn lẹ́yìn ikú mi máa mọ̀ pé ẹni tó ń fara balẹ̀ ló ṣe é.

Lẹ́yìn èyí ló kan ìdánwò orí ilẹ̀. Kò sẹ́ni tó gbọ́dọ̀ gbé irú ẹ̀rọ bẹ́ẹ̀ fò láì kọ́kọ́ dán an wò nígbà tí táyà bàálù ṣì wà lórí ilẹ̀. A gbé bátírì sí i láti ìta, mo jókòó sí àyè awakọ̀. Mo yí ohun ìyí ara àpótí náà sápá òsì. Sítíárìn rọra yí sápá ọ̀tún. Mo pa á, mo padà sábẹ́ ilẹ̀, mo pààrọ̀ wáyà méjì tí ẹni tó kọ́kọ́ lò ó lókè òkun ti gbé síra wọn. Ìyẹn dára. Mo yí i sósì, ó lọ sósì. Mo yí i sọ́tùn-ún, ó lọ sọ́tùn-ún.

Ó wá ku èyí tó ṣe pàtàkì jù. Bọ́tìnì pupa kan wà lára sítíárìn. Bí ẹ̀rọ náà bá ń fa ọkọ̀ lọ síbi tí awakọ̀ kò fẹ́, awakọ̀ á tẹ bọ́tìnì yẹn, ẹ̀rọ á sì jọ̀wọ́ lójú ẹsẹ̀. Bí bọ́tìnì kò bá tilẹ̀ ṣiṣẹ́, agbára apá ènìyàn gbọ́dọ̀ lè borí rẹ̀. Mo tẹ bọ́tìnì. Sítíárìn kò mì. Mo fi ọwọ́ méjèèjì fà á, mo ti ẹsẹ̀ mọ́lẹ̀, ńṣe ló dà bíi pé mò ń fa gbòǹgbò igi. Mo yọ wáyà bátírì pátápátá. Iná ti lọ nínú rẹ̀, síbẹ̀ ó ṣì dì í mú.

Mo tú mọ́tò abẹ́ ilẹ̀ sílẹ̀. Kílọ́ọ̀ṣì rẹ̀, ìyẹn irin tó máa ń kó mọ́ra láti di okùn mú, tó sì máa ń já kúrò bí iná bá lọ, ti pẹtà. Gírísì inú rẹ̀ ti di oje igi. Mo nù ún, mo tò ó padà, mo dán an wò. Ó jọ̀wọ́. Mo tún dán an wò, ó tún jọ̀wọ́. Lẹ́ẹ̀kẹta, ó kọ̀. Mo tún un ṣe lẹ́ẹ̀mẹ́rin láàárín ọjọ́ Tuesday àti Wednesday. Bí ó ṣe máa ń ṣe nìyẹn: á jọ̀wọ́, á jọ̀wọ́, á wá kọ̀.

Mo sọ fún ọ̀gá mi pé kílọ́ọ̀ṣì náà ti kú, pé ó fẹ́ tuntun. Ó ní ọjọ́ Friday ni bàálù ń gbéra, pé ẹyin ti ń pa ní Lágelú, pé ọmọ adìyẹ kì í dúró de ẹnikẹ́ni. Ó ní atẹ́gùn òkè máa tú u. Mo bi í báwo ni atẹ́gùn ṣe máa wọ inú mọ́tò tá a ti dé mọ́ abẹ́ ilẹ̀. 

Ní àárọ̀ Thursday, mo mú fáìlì bàálù láti kọ ohun tí mo rí sínú rẹ̀. Fọ́ọ̀mù ìdánwò ti kún. Gbogbo ìlà rẹ̀ ló sọ pé ó dára: ó yí sí òsì dáadáa, ó yí sí ọ̀tún dáadáa, bọ́tìnì pupa jọ̀wọ́, agbára apá borí rẹ̀. Ọ̀gá mi ti buwọ́ lù ú nísàlẹ̀. Lókè tirẹ̀, níbi tí wọ́n kọ pé ẹni tó ṣe ìdánwò, orúkọ mi wà níbẹ̀ pẹ̀lú ìbuwọ́lù mi.

Ìbuwọ́lù mi ní ìrù kan tó máa ń yí padà sábẹ́ lẹ́tà àkọ́kọ́. Ó mọ ìrù yẹn yí. Kò ṣe é bí ẹni tó ń kánjú. Ó hàn pé ó ti jókòó, ó ti fi kọ́ra lórí ìwé mìíràn kó tó kọ ọ́ síbẹ̀.  Ó dà bí ẹni pé mo jí lójú oorun, mo bá ọwọ́ ẹlòmíràn nínú aṣọ mi.

Mo gbé fáìlì lọ bá a. Mo ní, "Ọ̀gá, ta ló bá mi kọ èyí?"

Ó ń fi kẹrosínì fọ ọwọ́. Kò gbójú sókè. Ó ní, "Èmi ni. Mi ò fẹ́ yọ ọ́ lẹ́nu."

Bó ṣe sọ ọ́ nìyẹn, jẹ́jẹ́, bí ẹni tó bá ènìyàn gbé ẹrù díẹ̀. Ká ní ó jágbe mọ́ mi ni, bóyá mi ò bá mọ ohun tí mo máa ṣe.

Lọ́sàn-án ọjọ́ yẹn mo sọ pé orí ń fọ́ mi, mo wọ bọ́ọ̀sì lọ sí Mónìyà. Mo bá Bàbá páílọ́ọ̀tì lábẹ́ igi máńgòrò níwájú ilé wọn, tí wọ́n ń tún rédíò ṣe. Mo kúnlẹ̀, mo sì sọ gbogbo rẹ̀ fún wọn láti orí ìpẹtà inú páálí títí dórí ìbuwọ́lù. Wọn kò dá ọ̀rọ̀ mọ́ mi lẹ́nu. Nígbà tí mo parí, ìbéèrè kan ṣoṣo ni wọ́n bi mí.

"Ṣé kì í jọ̀wọ́ rárá ni, àbí ó máa ń jọ̀wọ́ nígbà mìíràn?"

Mo ní ó máa ń jọ̀wọ́ lẹ́ẹ̀mejì, á sì kọ̀ lẹ́ẹ̀kẹta.

Wọ́n mi orí. "Ìyẹn ló burú jù," ni wọ́n wí. "Èyí tí kì í jọ̀wọ́ rárá, mi ò ní tàn án. Èyí tó ń jọ̀wọ́, màá gbà á gbọ́."

Wọ́n ní kí n máa lọ sílé, kí n má sì bá ẹnikẹ́ni jà.

Ní àárọ̀ Friday, ọkọ̀ oko dé pẹ̀lú páálí ọmọ adìyẹ, igbe wọn gba gbogbo háńgà. Aládìyẹ fúnra rẹ̀ bá a wá, ó wọ agbádá funfun, ó ń pariwo pé kí wọ́n yára. Bàbá páílọ́ọ̀tì kí i, wọ́n ní kó jọ̀wọ́ wá bá àwọn jókòó ní iwájú díẹ̀, kó lè rí ohun tó fi owó rẹ̀ rà. Inú rẹ̀ dùn. Ó ká agbádá, ó wọlé, ó jókòó sápá ọ̀tún níbi tí sítíárìn kejì wà. Èmi dúró lẹ́nu ilẹ̀kùn bàálù. Ọ̀gá mi dúró lẹ́yìn mi, mo ń gbọ́ bó ṣe ń mí.

Bàbá tan ẹ̀rọ náà. Sítíárìn rìn lọ sósì láìsí ọwọ́ ènìyàn lára rẹ̀, aládìyẹ sì rẹ́rìn-ín bí ọmọdé. Bàbá tẹ bọ́tìnì, ó jọ̀wọ́. Wọ́n tún tan án, wọ́n tún tẹ̀ ẹ́, ó jọ̀wọ́. Wọ́n tan án lẹ́ẹ̀kẹta, wọ́n wá yíjú sí alágbàádá náà.

"Ẹ gbà pé mo ti dákú," ni wọ́n wí, ohùn wọn kò sì yí padà. "Bàálù ń dojú kọ òkè olókùúta kan. Ẹ tẹ bọ́tìnì pupa, kí ẹ yí i kúrò níbẹ̀."

Ó tẹ̀ ẹ́. Ó fà á. Ó tún tẹ̀ ẹ́. Ó fi ọwọ́ méjèèjì fà á, òrùka rẹ̀ ń ha ara sítíárìn. Òógùn bẹ̀rẹ̀ sí í ṣàn ní iwájú orí rẹ̀, ó sì yọ jáde ní agbádá rẹ̀ lábẹ́ apá. Ọmọ adìyẹ ń ké nínú páálí. Bàbá káwọ́ gbera, wọn kò ràn án lọ́wọ́, títí ó fi dáwọ́ dúró fúnra rẹ̀.

Mo rò pé ó máa bínú sí ọ̀gá mi. Mo rò pé ó máa béèrè ẹni tó buwọ́ lu fọ́ọ̀mù. Ó nu ojú, ó sọ̀ kalẹ̀, ó tún agbádá rẹ̀ ṣe. Ohun tó sọ rèé, mo gbọ́ ọ pẹ̀lú etí mi méjèèjì: "Ẹ yọ ọ́ kúrò. Ẹnì kan wà ní Kàdúná tó ń wá irú ẹ̀. Ẹ fi ìwé yẹn sí i, ìwé yẹn dára." Ó fọwọ́ gbá ọ̀gá mi léjìká, ó wọ mọ́tò rẹ̀, ó lọ.

Bàbá wa bàálù náà lọ sókè ọjọ́ yẹn pẹ̀lú ọwọ́ wọn méjèèjì, bí wọ́n ṣe máa ń ṣe, lẹ́yìn tí mo tú okùn mọ́tò méjèèjì kúrò. Ó gbà mí tó wákàtí méjì. Láàárín àkókò yẹn páálí adìyẹ wà lórí sìmẹ́ńtì, oòrùn sì ti yọ dé ibẹ̀, kò sẹ́ni tó gbé wọn síbòòji. Àwọn tó kú, awakọ̀ oko kó wọn jáde ní ẹ̀kúnwọ́-ẹ̀kúnwọ́, ó dà wọ́n sójú gọ́tà.

Ọ̀gá mi ló ní kí n di ẹ̀rọ náà sínú páálí. Ó gbé fọ́ọ̀mù tó ní orúkọ mi lé e lórí, ó sì jáde lọ jẹun. Mo jókòó ti páálí yẹn. Bí mo bá ya fọ́ọ̀mù, ó lè kọ òmíràn. Ó ti mọ ìrù lẹ́tà mi yí. Mo wá mú irin ṣóńṣó tá a fi ń sàmì sára páànù. Mo fi fín ọ̀rọ̀ sára mọ́tò náà gan-an, jinlẹ̀jinlẹ̀, níbi tí kò sí kíkùn tó lè bò ó. Mo kọ ọ́ ní èdè Gẹ̀ẹ́sì kí ará Kàdúná lè kà á: pé ẹ̀rọ yìí kì í jọ̀wọ́, pé kí ẹnikẹ́ni má gbé e fò. Mo sì buwọ́ lù ú.

Ẹni tó fẹ́ rà á rán ẹnjiníà rẹ̀ wá lẹ́yìn ọ̀sẹ̀ méjì. Ọkùnrin náà gbé mọ́tò sójú ìmọ́lẹ̀, ó kà á, ó wò mí, ó wo ọ̀gá mi, ó sì dá a padà sínú páálí. Ó dúpẹ́ lọ́wọ́ wa pé a gba òun lálejò.  Kí ilẹ̀ tó ṣú lọ́jọ́ yẹn, wọ́n ti lé mi lẹ́nu iṣẹ́. Ọ̀gá mi ló fún mi ní lẹ́tà náà. Ó ní òun ti bá mi bẹ̀bẹ̀ títí. Bàbá páílọ́ọ̀tì kò pẹ́ níbẹ̀ lẹ́yìn mi, wọ́n ní apá àwọn ti tó gẹ́ẹ́.

Mo rí iṣẹ́ sí ilé ẹ̀kọ́ gíga, mò ń tún ẹ̀rọ awò àti òṣùwọ̀n ṣe fún àwọn olùkọ́, mo sì gba yàrá sí Ajíbọ́dẹ. Iṣẹ́ tó mọ́ ni. Ọwọ́ mi kò rùn mọ́.

Ó tó ọdún márùn-ún lẹ́yìn náà kí n tó tún rí ọ̀gá mi àtijọ́ yẹn. Ibùdókọ̀ Mónìyà ni. Ó wọ ṣẹ́ẹ̀tì tó lọ̀ dáadáa, ó sì yọ̀ mọ́ mi bí ẹni tó rí ọmọ rẹ̀. Ó ní òun ṣì wà ní Alákìà, pé àwọn ọ̀dọ́ mẹ́ta ló wà lábẹ́ òun báyìí, pé òun a máa sọ̀rọ̀ mi fún wọn, pé kò sí ẹni tó mọ wáyà dì bíi tèmi. Ó gbàdúrà fún mi. Kí n tó mọ ohun tí mò ń ṣe, orúnkún mi ti kanlẹ̀, bí wọ́n ṣe tọ́ mi, ẹnu mi sì ti ṣe àmín. Mo dìde, mo gbọn eruku kúrò lára síkẹ́ẹ̀tì mi, mo wọ bọ́ọ̀sì. Gbogbo ọ̀nà dé Ọ̀jọ́ọ̀ ni mo fi ń nu orúnkún yẹn, kò sì sí nǹkan kan lára rẹ̀ mọ́.